Wúrà Kì í Sá fún Iná: Bí A Ṣe Lè Mọ Wòlíì Òtítọ́ àti Ìran Tòótọ́

  A ó jẹ, a ó mu, a ó jó, a ó sì yin Olúwa lógo. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àjọ̀dún kì í ṣe ọjọ́ ijó nìkan. Ọjọ́ tí onílé ń yẹ ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ wò ni pẹ̀lú. Ohun mẹ́ta ni ìjọ Aládùúrà dúró lé lórí: àdúrà, Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àti ìfihàn Ẹ̀mí Mímọ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìfihàn ló máa ń mú ara wa yá gágá jù lọ, òun náà ló sì lè tètè ṣì wá lọ́nà. Nítorí náà mo fẹ́ kí a jọ ro ìbéèrè kan: bí ẹnìkan bá dìde ní àárín wa tó ní Ẹ̀mí ló rán òun, báwo ni àwa tí a kò rí ohun tó rí ṣe máa mọ̀ bóyá Ẹ̀mí Ọlọ́run ni lóòótọ́?

IBI TÍ A TI ṢẸ̀ WÁ

Aládùúrà kankan kò lè sọ pé kò sí ìran. Bí kò bá sí ìran, àwa gan-an kò ní sí. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn burúkú ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí péjọ fún àdúrà nítorí àlá tí ọ̀kan nínú wọn lá. Ní June 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ Corpus Christi ti àwọn Kátólíìkì ní Èkó, ó sì bọ́ sínú ìran. Mósè Orímọládé ọmọ Ìkàrẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá gbàdúrà fún un, ibẹ̀ sì ni Ẹgbẹ́ Séráfù ti ṣẹ̀. Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, gbọ́ ìpè Ọlọ́run lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1947, Samuel Biléhou Oschoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Àjàṣẹ́ tí a ń pè ní Porto-Novo, rí ìran tirẹ̀ nínú igbó.

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe rí: ọ̀dọ́mọbìnrin, awakọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí: a kì í fi ipò, ìwé tí ènìyàn kà, tàbí aṣọ tó wọ̀ mọ wòlíì. Ọlọ́run a máa gba ẹnu ẹni tí kò já mọ́ nǹkan sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà tí a máa ń gbàgbé. Babalọlá tí Ọlọ́run pè pẹ̀lú àmì àti iṣẹ́ ìyanu, kò dá dúró kó ní kò sí ẹni tó lè bi òun ní nǹkan kan. Ó tọ àwọn àgbà Faith Tabernacle lọ, ó gba ìrìbọmi lọ́wọ́ wọn ní Èkó ní 1929, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ kí ìsọjí ńlá Iléṣà tó bẹ́ sílẹ̀ ní July 1930. Ẹni tí Ọlọ́run rán kò ka títẹríba fún àwọn ará sí ẹ̀gàn.

ṢÉ BÍ Ó BÁ TI ṢẸ, Ó TI PARÍ NÌYẸN?

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń wò kò ju pé ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ. "Ohun tí ìyá aríran yẹn sọ fún mi ṣẹ pátá!" Lóòótọ́ ni ìwé Diutarónómì orí 18 sọ fún wa pé bí ọ̀rọ̀ wòlíì kò bá ṣẹ, Olúwa kọ́ ló rán an. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé yẹn kan náà sẹ́yìn sí orí 13. Níbẹ̀, Ọlọ́run ní bí wòlíì bá fi àmì hàn, tí àmì náà sì ṣẹ, ṣùgbọ́n tó bá ní kí ẹ máa lọ sin ọlọ́run mìíràn, ẹ kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e. Ọlọ́run ń fi í dán yín wò ni. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ lè ṣẹ, kí ẹni tó sọ ọ́ sì máa fà yín kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Jónà wọ Nínéfè, ó ní ó ku ogójì ọjọ́ kí ìlú náà parun. Ogójì ọjọ́ pé, ìlú kò parun. Ṣé a ó wá pe Jónà ní wòlíì èké? Rárá. Àwọn ará ìlú ti ronú pìwà dà, láti ọba dé orí mẹ̀kúnnù, ìdí tí a sì fi rán ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Jónà fúnra rẹ̀ bínú nítorí pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ṣẹ. Ọlọ́run ní tirẹ̀ fẹ́ kí ènìyàn yè. Ẹ̀yin aríran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bó bá dùn yín kí ìran ibi ṣẹ kí orúkọ yín lè níyì, ibi tí Jónà jókòó sí tó ń bínú ni ẹ̀yin náà jókòó sí.

Mo tún fẹ́ kí a kíyè sí oríṣi ìran kan tí kì í kùnà láé, nítorí pé kò sí orí tí kò bá mu. "Mo rí ọ̀tá kan ní ìdílé rẹ." Ìdílé wo ni kò ní ẹni tí wọn kò jọ gbọ́ ara wọn yé? "Mo rí ìlara níbi iṣẹ́ rẹ." Ọ́fíìsì wo ni kò sí ìlara? Irú ọ̀rọ̀ báyìí dà bí agbádá tí a kò wọn ẹnikẹ́ni kí a tó rán. Gbogbo ènìyàn ni yóò wọ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan pàtó kọ́ ni wọ́n rán an fún.

ÈNÌYÀN MÉJÌ, ÌPÈ KAN NÁÀ

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìwé Jeremáyà orí 28. Wòlíì méjì dúró nínú tẹ́ḿpìlì níwájú àwọn àlùfáà àti gbogbo ènìyàn. Àwọn méjèèjì ní orúkọ Olúwa ni àwọn fi ń sọ̀rọ̀. Hananáyà ní kí ọdún méjì tó pé, àjàgà ọba Bábílónì yóò kúrò lọ́rùn Júdà, ohun èlò ilé Olúwa àti àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú yóò sì padà. Jeremáyà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò pẹ́, àádọ́rin ọdún ni. Ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ta ni ẹ̀ bá gbàgbọ́? Èyí tó dùn létí ni, àbí?

Ohun tí Jeremáyà ṣe ló wú mi lórí jù lọ. Kò kọ́kọ́ bú Hananáyà. Àmín ló kọ́kọ́ ṣe! Ó ní kí Olúwa jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ire ìlú rẹ̀ ju kí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ borí lọ. Nígbà tí Hananáyà bọ́ àjàgà igi kúrò lọ́rùn rẹ̀ tó sì ṣẹ́ ẹ níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, Jeremáyà kò janpata, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Olúwa tún tọ̀ ọ́ wá, kó tó padà lọ bá Hananáyà. Ní oṣù keje ọdún yẹn gan-an ni Hananáyà kú. Ẹ wo ìyàtọ̀ wọn: ọ̀kan ń kánjú, ó ń ṣe é kí ayé lè rí i; èkejì lè dúró, ó lè dákẹ́, ó lè dúró de Ọlọ́run.

Ẹ má sì tún fi iye ènìyàn díwọ̀n òtítọ́. Irinwó wòlíì ló ní kí Áhábù ọba lọ sójú ogun, wọ́n ní yóò ṣẹ́gun; Mikáyà nìkan ló ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi Mikáyà sí. Áhábù lọ, kò sì padà wálé láàyè. Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹ̀BÙN KÌ Í ṢE ÌWÀ

Báláámù ríran, ìran rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀ owó ni ọkàn rẹ̀ wà sí, òun náà ló sì wá gbìmọ̀ tó mú Ísírẹ́lì dẹ́ṣẹ̀. Nítorí náà, kí ojú ènìyàn là kò túmọ̀ sí pé ọkàn rẹ̀ mọ́. Olúwa wa Jésù kò sọ fún wa pé ìran wọn ni a ó fi mọ̀ wọ́n. Èso wọn ló ní kí a wò.

Èso tó sì máa ń tètè fara hàn ni ọ̀rọ̀ owó. Náámánì kó fàdákà, wúrà àti aṣọ wá fún Èlíṣà lẹ́yìn ìwòsàn rẹ̀. Èlíṣà kò gbà. Géhásì sáré tẹ̀lé e, ó purọ́, ó gbà á, ẹ̀tẹ̀ Náámánì sì di tirẹ̀. Nígbà tí Sámúẹ́lì darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí ẹni tí òun gba màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ jáde wá sọ ọ́. Kò sí ẹni tó jáde. Mélòó nínú wa tí a ń jẹ́ wòlíì lónìí ló lè dúró bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún, níwájú ìjọ?

Kì í ṣe òde òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn Kristẹni ìgbàanì ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Didache; àlùfáà Gíríìkì kan tún rí i ní Constantinople ní 1873. Ìwé náà sọ pé bí wòlíì bá pàṣẹ nínú ẹ̀mí pé kí wọ́n tẹ́ tábìlì oúnjẹ, kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́, èké ni. Ó tún sọ pé bí wòlíì bá béèrè owó nínú ẹ̀mí, kí wọ́n má ṣe gbọ́ tirẹ̀, àfi bó bá jẹ́ fún àwọn aláìní ló ṣe béèrè. Ẹ̀yin ará, ṣé kò dà bí ẹni pé ilé àdúrà wa ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́? Èmi kò ní kí a má tọ́jú ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yẹ lẹ́ni tí à ń bọ́. Ṣùgbọ́n bí aríran bá ní kí a lọ ra àbẹ́là méje, tó sì jẹ́ pé ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni àbẹ́là náà wà, ó yẹ kí a dúró díẹ̀ ná, kí a rò ó.

ÌRAN TÓ Ń TÚ ILÉ KÁ

Mo dé ibi tó ń dùn mí jù lọ wàyí. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan yé yín. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ìjọ Aládùúrà.

Ọmọ kan ń ṣàìsàn lemọ́lemọ́. Bí òtútù bá mú, egungun á máa ro ó; ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wú; ẹyinjú rẹ̀ á dà bí ti oníbà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Bàbá rẹ̀ gbé e wá sí ilé àdúrà. Aríran wọ inú ẹ̀mí, ó ní òun rí ìyá àgbà kan ní ìdílé bàbá, ó dúdú, ó wé gèlè, ọwọ́ rẹ̀ ni àìsàn náà wà. Bàbá ronú títí, ó ní, "Ìyá mi nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ìyá kò wọ ilé ọmọ rẹ̀ mọ́. Wọn kò jẹ́ kó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra mọ́. Ìyá tó lóyún, tó bí, tó pọ̀n, tó ta ẹ̀kọ rán ọmọ níléèwé, jókòó sí yàrá nìkan, kò mọ ohun tó ṣe.

Ẹ̀yin ará, àìsàn tí mo ṣàpèjúwe yìí ní orúkọ. Fòníkú-fọ̀ladìde ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá méjèèjì ni ọmọ sì ti ń jogún rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bàbá bá jẹ́ AS, tí ti ìyá náà sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS. Ara bàbá tó ń sá fún ìyá rẹ̀ wà nínú ohun tó fa àìsàn náà, bẹ́ẹ̀ ni ti ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Mo mọ̀ pé ìjọ Aládùúrà kò fohùn ṣọ̀kan lórí oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wíwò kì í ṣe oògùn. Òtítọ́ ni à ń wá níbẹ̀, Ọlọ́run òtítọ́ ni a sì ń sìn. Mélòó ni ìyá àgbà dúdú tó ń wé gèlè nílẹ̀ Yorùbá?

Ẹnìkan yóò ní, "Ṣé wòlíì kò gbọdọ̀ tú àṣírí ni?" Ó gbọ́dọ̀ tú u. Nátánì tú àṣírí Dáfídì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe tú u. Kò lọ bá ọmọ Dáfídì kó ní bàbá yín ni. Dáfídì fúnra rẹ̀ ló lọ bá lójúkojú, ọba tó lè pa á. Ẹ̀ṣẹ̀ tó sọ jẹ́ ohun tí Dáfídì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ṣe. Kò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde ni ìrònúpìwàdà. Ìran tí wọ́n sọ lẹ́yìn ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, tí kò lè dáhùn, tí kò sì sí ọ̀nà tó lè fi jẹ́rìí ara rẹ̀, ìyẹn kò jọ ti Nátánì rárá. Òfin Mósè ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, méjì tàbí mẹ́ta ni. Ìran ẹnìkan, ẹlẹ́rìí kan ni. Òfin ìlú pàápàá kò dákẹ́: Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà, ní apá 210, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ẹlòmíràn ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún méjì. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àìsàn ọmọ lè lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ìyá padà fún ọmọ rẹ̀?

ṢÉ ÀÌGBÀGBỌ́ KỌ́ NI LÁTI DÁN ÌRAN WÒ?

Àwọn kan á ní, "Ìwọ tí o kò ríran, kí lo fẹ́ fi ṣèdájọ́ aríran?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi rèé: ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ sè mọ ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. A kò rí ohun tí aríran rí, ṣùgbọ́n a ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ́wọ́, a ní ojú láti fi wo èso, a sì ní ara wa. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù sì ṣe ìdájọ́. Ó kọ̀wé sí Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má ṣe pa iná Ẹ̀mí, kí wọ́n má sì kẹ́gàn àsọtẹ́lẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló fi kún un pé kí wọ́n wádìí ohun gbogbo. Ẹnu kan náà ló fi sọ méjèèjì. Ẹni tó ń wádìí kò pa iná. Eérú ló ń gbọ̀n kúrò kí iná lè jó dáadáa.

Wòlíì òtítọ́ gan-an mọ̀ pé òun lè ṣì í sọ. Dáfídì ní òun fẹ́ kọ́ ilé fún Ọlọ́run, Nátánì ní kó lọ ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní òru ọjọ́ náà, Ọlọ́run ní kò rí bẹ́ẹ̀. Nátánì padà lọ bá ọba, ó sì sọ ohun tí Ọlọ́run sọ. Pọ́ọ̀lù náà, nígbà tó ń kọ̀wé lórí ìgbéyàwó, ó ya èyí tí Olúwa pa láṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ́ èrò tirẹ̀. Ìgbà wo la gbọ́ kẹ́yìn kí aríran kan dìde ní ìjọ, kó ní, "Ará, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, èrò mi ni, kì í ṣe Ẹ̀mí"? Ọjọ́ tí a bá ń gbọ́ irú rẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀ sí àárín wa ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ má ṣe fi ìdánwò bojú láti pa wòlíì lẹ́nu mọ́. Áhábù kórìíra Mikáyà kìkì nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn. Élì ní tirẹ̀ jẹ́ àgbà. Ọmọdé ni Sámúẹ́lì, ìdájọ́ ilé Élì sì ni ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fi rán ọmọ náà. Élì ní kó má fi nǹkan kan pa mọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì gbà pé Olúwa ni. Àgbà tó ń dán ìran wò gbọ́dọ̀ lè gba èyí tó bá òun náà wí.

OHUN TÍ A Ó MÁA BÉÈRÈ

Nítorí náà, bí ìran bá jáde, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí a sì bi ara wa ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Ṣé ó bá Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mu, àbí ó ń fà wá lọ sí ọ̀dọ̀ mìíràn?

2. Ta ni èrè rẹ̀ wà fún?

3. Ṣé a lè sọ ọ́ lójú ẹni tó kàn, kí òun náà sì rí àyè fèsì?

4. Kí ni yóò bí: ìrònúpìwàdà àti àlàáfíà, tàbí ìbẹ̀rù àti ìtúká?

5. Ṣé ẹni tó sọ ọ́ gbà kí a wádìí rẹ̀, àbí ó ń fi ègún halẹ̀ mọ́ ẹni tó bi í ní ìbéèrè?

Ìkarùn-ún yìí ló gbé mẹ́rin yòókù ró. Wúrà kì í sá fún iná. Bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ló ń sá. Ẹni tí Ọlọ́run rán mọ̀ pé Ẹni tó rán òun kò ní ṣaláì jẹ́rìí sí iṣẹ́ Rẹ̀, nítorí náà ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó lè dúró kí ìjọ gbàdúrà sí i, kí wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn. Ẹni tó rán ara rẹ̀ kò ní ẹlòmíràn tí yóò gbè é. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń bínú.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wà lónìí tó ti tìtorí ìran tí wọn kò wádìí kẹ̀yìn sí ìyá, ẹ̀gbọ́n, tàbí aya rẹ̀, mo fi orúkọ Olúwa bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí àjọ̀dún yìí kọjá. Dìde, lọ sí ilé wọn. Gbé oúnjẹ dání.

Kí Ọlọ́run Orímọládé, Ọlọ́run Babalọlá, Ọlọ́run gbogbo àwọn tó fi omijé gbin ìjọ Aládùúrà, má ṣe jẹ́ kí ìran tán láàárín wa. Kó fún àwọn aríran wa ní ẹ̀rù Rẹ̀, kó fún àwọn àgbà wa ní ìwà tútù, kó sì fún gbogbo ìjọ ní ẹ̀mí ìmòye. Ilé tí èké ti tú ká, kí òtítọ́ tún un kọ́. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín, Àṣẹ.